Yíyan àkọtọ́ àti ìgékúrú nínú àdàkọ ìṣègùn

Yíyan àkọtọ́ àti ìgékúrú nínú àdàkọ ìṣègùn ni ìpinnu tí adàkọ ń ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ ìṣègùn kan bá ní ju ọ̀nà kan lọ tí a lè gbà kọ ọ́, tàbí nígbà tí dókítà bá fi lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta dúró fún odindi ọ̀rọ̀. Àdàkọ ìṣègùn fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ sísọ ohùn dókítà di àkọsílẹ̀. Dókítà yóò sọ ohun tí ó rí lára aláìsàn àti ìtọ́jú tí ó pàṣẹ sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, adàkọ yóò sì tẹ̀ ẹ́ kí ó lè wọ inú fáìlì aláìsàn náà. Àkọsílẹ̀ yìí ni nọ́ọ̀sì, apoògùn àti dókítà mìíràn yóò kà lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà kò sí nítòsí láti ṣàlàyé ohun tí ó ní lọ́kàn.

Oríṣi ìyàtọ̀ méjì ni adàkọ ń bá pàdé. Àkọ́kọ́ ni èyí tí kò yí ìtumọ̀ padà, bí anaemia àti anemia, tí méjèèjì jẹ́ orúkọ fún àìtó ẹ̀jẹ̀. Èkejì ni èyí tí ó ń yí ìtumọ̀ padà, bí ìwọ̀n òògùn tí a kọ ní mg dípò µg, tí ó sì di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan. Ìlànà iṣẹ́ náà dúró lórí mímọ ìyàtọ̀ láàrin oríṣi méjèèjì. Ní ti àkọ́kọ́, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ adàkọ ni pé kí ó má ṣe pa ọ̀nà méjì pọ̀. Ní ti èkejì, ẹ̀mí aláìsàn ni ó wà nínú ewu, adàkọ kò sì gbọdọ̀ méfò.

Iṣẹ́ adàkọ

Ohùn kò ní àkọtọ́. Nígbà tí dókítà bá ń sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, kì í sọ bóyá lẹ́tà ńlá ni òun fẹ́ tàbí kékeré, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà pe lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Adàkọ ni yóò pinnu bí ohun tí ó gbọ́ yóò ṣe rí lójú ìwé. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun ni ó yẹ aláìsàn wò, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ohun tí àwọn tí ó kù yóò ṣe fún aláìsàn náà. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn ní Nàìjíríà, ọwọ́ ni dókítà fi ń kọ àkọsílẹ̀ sínú fáìlì. Ẹni tí ó bá ń da irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọ sínú kọ̀ǹpútà yóò bá ìṣòro kan náà pàdé, àyàfi pé ojú ni yóò fi wá ìtumọ̀ dípò etí.

Ní ọdún 1978 ni a dá ẹgbẹ́ American Association for Medical Transcription sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2007, ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Association for Healthcare Documentation Integrity. Ẹgbẹ́ yìí ni ó ń ṣe ìwé ìlànà tí ọ̀pọ̀ adàkọ ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀lé. Yàtọ̀ sí i, àwọn ìwé atúmọ̀-èdè ìṣègùn tí a ń gbára lé jù ni ti Dorland, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1900, àti ti Stedman, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1911. Ilé-ìwòsàn kọ̀ọ̀kan sì lè ní ìlànà tirẹ̀. Bí ìlànà ilé-ìwòsàn bá ta ko ti ìwé gbogbogbòò lórí ọ̀rọ̀ tí kò ní ewu nínú, ti ilé-ìwòsàn ni adàkọ yóò tẹ̀lé.

Àkọtọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà

Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣègùn inú èdè Gẹ̀ẹ́sì wá láti inú èdè Gíríkì, wọ́n sì gba inú èdè Látìnì kọjá. Látìnì kọ àwọn fáwẹ́lì Gíríkì kan ní ae àti oe. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa wọ́n mọ́ bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà gé wọn kù sí e. Àtúnṣe àkọtọ́ ní Amẹ́ríkà kò ṣeé sọ láìdárúkọ Noah Webster, ẹni tí ìwé atúmọ̀-èdè ńlá rẹ̀ jáde ní ọdún 1828. Àpẹẹrẹ díẹ̀ nìwọ̀nyí, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú, ti Amẹ́ríkà tẹ̀lé e:

• anaemia, anemia: àìtó ẹ̀jẹ̀
• haemoglobin, hemoglobin: èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara
• oesophagus, esophagus: ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà láti ọ̀fun dé inú ikùn
• diarrhoea, diarrhea: ìgbẹ́ gbuuru
• oedema, edema: ara wíwú nítorí omi tí ó kórajọ
• paediatrics, pediatrics: ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé

Nàìjíríà jogún àkọtọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun sì ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ fi ń kọ́ni. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá tí ó bá lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà yóò rí i pé kì í ṣe àkọtọ́ nìkan ni ó yí padà. Bí lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bá yàtọ̀, ìgékúrú rẹ̀ náà yóò yàtọ̀. Àrùn tí omi kíkan inú ikùn fi ń gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun ń jẹ́ GORD ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí oesophageal. Ní Amẹ́ríkà, GERD ni. Bákan náà, àyẹ̀wò ọkàn tí a ń gba ọ̀nà oúnjẹ ṣe ń jẹ́ TOE ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń jẹ́ TEE ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá ń wá àkọsílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ọ̀kan lè má rí èkejì. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí fáìlì kan má ṣe ní àkọtọ́ méjì fún ọ̀rọ̀ kan. Kì í ṣe pé ọ̀kan tọ̀nà tí èkejì kò tọ̀nà. Ohun tí ó ń ṣi òǹkàwé lọ́nà ni kí oedema wà ní ojú ìwé kìíní, kí edema sì wà ní ojú ìwé kẹta.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó tẹ̀lé ìpín yìí. Fetus, ìyẹn ọmọ inú oyún, kò ní oe nínú èdè Látìnì láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, fetus ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn mìíràn níbẹ̀ ṣì ń kọ foetus. Ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì, IUPAC, gba sulfur wọlé ní ọdún 1990 dípò sulphur. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé e ní ọdún 1992. Èyí ni ó fi jẹ́ pé sulfate ni a ń kọ nínú orúkọ òògùn lónìí ní ibi méjèèjì.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tí wọ́n ní àkọtọ́ méjì nínú orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, bí distention àti distension, tàbí disk àti disc. Ìlànà tí ó rọrùn ni kí adàkọ ṣí ìwé atúmọ̀-èdè tí ilé-ìwòsàn ń lò. Àkọtọ́ tí a kọ ìtumọ̀ sí lábẹ́ rẹ̀ ni kí ó yàn. Èyí tí ìwé náà kàn tọ́ka láti ibẹ̀ sí ibòmíràn ni kí ó fi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àrùn tí a fi orúkọ ènìyàn pè. Ìlànà ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà ni kí a kọ Down syndrome láìsí àmì ohun-ìní, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń kọ Down's syndrome. Àrùn kan náà ni, ìtọ́jú kan náà ni.

Orúkọ òògùn

Ó yẹ kí a ya orúkọ òògùn sọ́tọ̀, nítorí pé ohun tí ó jọ ìyàtọ̀ àkọtọ́ lè jẹ́ ìyàtọ̀ òògùn. Ní ọdún 1950 ni ìpàdé gbogbogbòò Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ètò láti fún èròjà òògùn kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kan tí gbogbo ayé yóò máa lò. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1953. Nítorí rẹ̀ ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi fi orúkọ frusemide sílẹ̀, tí ó sì gba furosemide. Síbẹ̀, orúkọ méjì ṣì wà fún àwọn òògùn kan: paracetamol tí gbogbo ilé mọ̀ ní Nàìjíríà ni Amẹ́ríkà ń pè ní acetaminophen, salbutamol tí àwọn tí ó ní asthma ń fà símú ni wọ́n ń pè ní albuterol, adrenaline sì ni wọ́n ń pè ní epinephrine.

Adàkọ kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ọ̀kan sí èkejì láìgba àṣẹ. Bí dókítà bá sọ paracetamol, paracetamol ni kí ó kọ. Bí ojú ìwé kan bá ní paracetamol, tí òmíràn sì ní acetaminophen, ẹni tí kò mọ̀ pé òògùn kan náà ni wọ́n lè fún aláìsàn ní méjèèjì pọ̀, àpọ̀jù rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ibi tí adàkọ bá ti kíyè sí irú èyí, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pe àkíyèsí dókítà sí i.

Orúkọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń fún òògùn náà ń fa ìṣòro. Ní Amẹ́ríkà, òògùn kan tí ó ń dín omi kíkan inú ikùn kù kọ́kọ́ ń jẹ́ Losec. Orúkọ yìí jọ Lasix, òògùn tí ó ń mú kí ènìyàn tọ̀ púpọ̀, títí tí a fi ń ṣi ọ̀kan fún èkejì. Ní ọdún 1990 ni a yí Losec padà sí Prilosec níbẹ̀. Láti ọdún 2001 ni àjọ FDA, tí ó ń ṣàkóso oúnjẹ àti òògùn ní Amẹ́ríkà, ti ń gbà àwọn ilé-iṣẹ́ níyànjú pé kí wọ́n fi lẹ́tà ńlá hàn ní ibi tí orúkọ méjì tí ó jọra ti yàtọ̀ síra. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni vinBLAStine àti vinCRIStine, òògùn jẹjẹrẹ méjì tí ìwọ̀n wọn kò dọ́gba, àti predniSONE àti prednisoLONE.

Ọ̀rọ̀ tí ó jọra létí

Ẹni tí ó bá ń kọ èdè Yorùbá mọ bí àmì kékeré ṣe ń yí ọ̀rọ̀ padà: igba jẹ́ iye, igbá jẹ́ ohun èlò, ìgbà jẹ́ àkókò. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣègùn, lẹ́tà kan lè gbé ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yà ara kan lọ sí òmíràn. Ileum jẹ́ apá ìkẹyìn ìfun kékeré. Ilium jẹ́ egungun ìbàdí. Dysphagia ni ìṣòro gbígbé oúnjẹ mì. Dysphasia ni ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ, irú èyí tí ó lè tẹ̀lé àrùn rọpárọsẹ̀. Peroneal jẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojúgun. Perineal jẹ mọ́ agbègbè tí ó wà láàrin ojú ara àti ihò ìdí. Abduction ni gbígbé apá tàbí ẹsẹ̀ kúrò lára. Adduction ni mímú un padà sára. Nítorí pé etí kò lè ya méjì ìkẹyìn yìí sọ́tọ̀ dáadáa, àwọn dókítà kan máa ń pe lẹ́tà A àti B, tàbí A àti D, kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀ náà.

Àyíká ọ̀rọ̀ ni adàkọ fi ń yan. Bí dókítà bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ inú ìfun, ileum ni. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ egungun tí ó kán, ilium ni. Ṣùgbọ́n àyíká ọ̀rọ̀ kì í sábà ran ni lọ́wọ́ nínú hyper àti hypo. Hypertension ni ẹ̀jẹ̀ ríru, hypotension ni kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, aláìsàn kan náà sì lè ní èyí lánàá kí ó ní ìyẹn lónìí. Níbẹ̀, iye ìfúnpá tí a kọ sínú àkọsílẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Bí ìfúnpá náà bá jẹ́ 80/50, tí etí sì gbọ́ hypertension, ohun kan kò tọ̀nà níbì kan, ó sì yẹ kí a béèrè.

Ìgékúrú tí ó ní ju ìtumọ̀ kan lọ

Ìgékúrú ń fi àkókò pamọ́ fún ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń di ẹrù ọ̀rọ̀ pọ́n-na lé ẹni tí ń kà á lórí. OD jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó kan Nàìjíríà gan-an. Nínú ìwé òògùn tí a kọ ní ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Nàìjíríà náà ń lò, od túmọ̀ sí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Fún dókítà ojú, OD ni ojú ọ̀tún, láti inú èdè Látìnì. Ní yàrá ìtọ́jú pàjáwìrì, OD lè túmọ̀ sí àlòjù òògùn. Òògùn ojú tí a kọ OD sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ó sì lè jẹ́ ti ojú ọ̀tún.

Èyí tí ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni qds àti qd. Ní ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, qds ni ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ní Amẹ́ríkà, qd ni ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó wà láàrin wọn, ìwọ̀n òògùn sì ti di ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn ìgékúrú mìíràn tí adàkọ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún nìwọ̀nyí:

• MS: ó lè jẹ́ àrùn iṣan-ara tí a ń pè ní multiple sclerosis, ó lè jẹ́ dídín ọ̀kan nínú àwọn ìlẹ̀kùn ọkàn, ó sì lè jẹ́ òògùn ìrora morphine sulfate
• D/C: ó lè túmọ̀ sí pé kí aláìsàn máa lọ sílé, ó sì lè túmọ̀ sí pé kí a dá òògùn dúró
• BS: ohùn èémí, ohùn ìfun, tàbí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀
• RTA: ìjàǹbá ojú ọ̀nà, tàbí àrùn kíndìnrín kan

D/C ti fa kí a dá òògùn aláìsàn dúró láìtọ́. Dókítà kọ ọ́ sókè àkójọ òògùn, ohun tí ó ní lọ́kàn sì ni òògùn tí aláìsàn yóò máa lò nílé. Ẹni tí ó kà á rò pé òògùn tí a ní kí a dá dúró ni.

Nítorí èyí, ìlànà àwọn adàkọ ní Amẹ́ríkà ni pé kí a kọ ìgékúrú ní kíkún ní ibi tí a bá ti ń kọ orúkọ àrùn tí a rí, ìparí èrò dókítà, tàbí orúkọ iṣẹ́ abẹ. Ní àárín ọ̀rọ̀, ìgékúrú tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tí kò ní pọ́n-na nínú, lè dúró. Ṣùgbọ́n bí ìtumọ̀ rẹ̀ kò bá dá adàkọ lójú, kò gbọdọ̀ tú u. Kí ó kọ ọ́ bí ó ṣe gbọ́ ọ, kí ó sì fi àmì ìbéèrè ránṣẹ́ sí dókítà. Ìgékúrú tí a kò tú lè mú kí òǹkàwé béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ìtumọ̀ tí a ṣì tú kì í mú ẹnikẹ́ni béèrè, nítorí pé ó ti dà bí òtítọ́.

Àwọn ìgékúrú tí a kà sí èèwọ̀

Ní ọdún 2004, Joint Commission, àjọ tí ó ń yẹ àwọn ilé-ìwòsàn wò tí ó sì ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí ní Amẹ́ríkà, gbé àkójọ kan jáde nípa ìgékúrú tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò nínú àṣẹ òògùn. Àkójọ náà kúrú, ìdí ohun kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú rẹ̀ sì hàn kedere:

• U fún unit: ó lè jọ òdo tàbí 4. Ínsúlínì 10U lè di 100. Kí a kọ unit ní kíkún.
• IU fún international unit: ó lè jọ IV, tí ó túmọ̀ sí inú iṣan ẹ̀jẹ̀, tàbí iye 10.
• QD àti QOD: ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ àti ọjọ́ kan sí èkejì. A lè ṣi wọ́n fún ara wọn tàbí fún QID, tí í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Kí a kọ wọ́n ní ọ̀rọ̀ kíkún.
• Òdo lẹ́yìn àmì pọ́íǹtì: 1.0 mg lè di 10 mg bí a kò bá rí àmì náà. Kí a kọ 1 mg.
• Àìsí òdo ṣáájú àmì pọ́íǹtì: .5 mg lè di 5 mg. Kí a kọ 0.5 mg.
• MS, MSO4 àti MgSO4: ọ̀kan lè jẹ́ morphine, òmíràn magnesium. Kí a kọ orúkọ òògùn náà ní kíkún.

Àṣìṣe ìlọ́po mẹ́wàá nínú ínsúlínì tí a ń fún aláàtọ̀gbẹ lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀ débi tí yóò fi dákú, ó sì lè pa á. Lẹ́tà U kan tí a kọ mọ́ ìdí nọ́ḿbà ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Òfin òdo lẹ́yìn àmì pọ́íǹtì ní àyè kan tí kò dé. Nínú èsì àyẹ̀wò ilé ìdánwò, nínú ìwọ̀n kókó tí a rí nínú fọ́tò ara, àti nínú ìwọ̀n rọ́bà tí a ń tì sínú ara, a lè kọ 4.0, nítorí pé òdo náà ń sọ bí a ṣe fara balẹ̀ wọn nǹkan náà tó. Adàkọ tí ó bá gé òdo kúrò níbẹ̀ ti gé ìmọ̀ kúrò.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìtọ́sọ́nà òògùn tí a ń pè ní British National Formulary ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí a má ṣe gé microgram, nanogram àti unit kúrú rárá, kí a sì kọ ìwọ̀n tí kò tó mílígíráàmù kan ní máíkírógíráàmù. Nípa èyí, òògùn ọkàn tí ń jẹ́ digoxin tí a ń kọ ní 0.125 mg ní Amẹ́ríkà ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ní 125 micrograms. Iye kan náà ni. Bí ẹnìkan bá pa ìlànà méjèèjì pọ̀ tí ó sì kọ 125 mg, ó ti di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan.

Bí adàkọ ṣe ń yan

Láti inú ohun tí a ti sọ, a lè to ìgbésẹ̀ adàkọ báyìí:

1. Kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá ìyàtọ̀ náà yí ìtumọ̀ padà. Bí kò bá yí i padà, kí ó tẹ̀lé ìlànà ilé-ìwòsàn, lẹ́yìn náà ìwé atúmọ̀-èdè, kí ó sì di ọ̀kan mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.
2. Bí ó bá yí ìtumọ̀ padà, kí ó wá ẹ̀rí nínú àkọsílẹ̀ náà: ẹ̀yà ara tí a ń sọ, èsì àyẹ̀wò, òògùn tí aláìsàn ti ń lò tẹ́lẹ̀.
3. Bí ìgékúrú náà bá wà nínú àwọn tí a kà sí èèwọ̀, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì dájú, kí ó kọ ọ́ ní kíkún, bí dókítà tilẹ̀ gé e kúrú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.
4. Bí ẹ̀rí kò bá tó, kí ó fi àyè sílẹ̀ tàbí kí ó kọ ohun tí ó gbọ́, kí ó sì béèrè.

Abèèrè kì í ṣìnà. Àyè òfìfo nínú àkọsílẹ̀ kì í ṣe àmì àìmọṣẹ́. Ó ń sọ fún dókítà pé ọ̀rọ̀ òun kan kò tíì dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Adàkọ kò sì gbọdọ̀ tún ìwọ̀n òògùn tí ó dà bíi pé ó pọ̀ jù ṣe fúnra rẹ̀. Dókítà nìkan ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Orúkọ aláìsàn

Ìlànà nípa orúkọ ènìyàn yàtọ̀ sí ti ọ̀rọ̀ ìṣègùn. Àkọtọ́ tí aláìsàn fi forúkọ sílẹ̀ ni àkọtọ́ tí ó tọ̀nà, ìbáà bá àkọtọ́ òde òní mu, ìbáà má bá a mu. Èyí kan orúkọ Yorùbá púpọ̀, nítorí pé orúkọ kan lè ní ẹ̀dà mẹ́ta: Ṣọlá, Shola, Sola. Bí fáìlì bá ní Shola, adàkọ tí ó mọ Yorùbá dáadáa kò gbọdọ̀ tún un ṣe sí Ṣọlá, nítorí pé kọ̀ǹpútà lè kà á sí ẹlòmíràn, kí ó sì ya àkọsílẹ̀ ènìyàn kan sí méjì.

Orúkọ nìkan kò sì tó. Joint Commission béèrè ó kéré tán ohun ìdánimọ̀ méjì fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, bí orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Láàrin Yorùbá, tí a mọ̀ fún ìbí ìbejì, ọ̀rọ̀ yìí gba ìṣọ́ra sí i. Táíwò àti Kẹ́hìndé ní orúkọ ìdílé kan náà, wọ́n sì sábà máa ń ní ọjọ́ ìbí kan náà. Bí a bá gé orúkọ wọn kúrú sí T àti K, lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́kù láàrin àkọsílẹ̀ ọmọ méjì. Kí a kọ orúkọ wọn ní kíkún, kí a sì fi nọ́ḿbà ilé-ìwòsàn tì í. Kẹ́hìndé tí a kọ sílẹ̀ pẹ̀lú h kò gbọdọ̀ di Kẹ́yìndé lójú ìwé kejì.

Ẹ̀rọ tí ń dá ohùn mọ̀

Lónìí, kọ̀ǹpútà lè gbọ́ ohùn dókítà kí ó sì tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Èyí ti sọ ọ̀pọ̀ adàkọ di olùyẹ̀wò: ẹ̀rọ ni ó ń kọ, wọ́n ń ka ohun tí ó kọ, wọ́n sì ń tẹ́tí sí ohùn náà pọ̀. Ẹ̀rọ kì í sábà ṣi àkọtọ́ kọ, nítorí pé inú àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó ti ń mú un. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ ní àkọtọ́ tí ó pé. Ó lè kọ ilium níbi tí ileum yẹ kí ó wà, kò sì ní sí àmì pupa kankan lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ gidi ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ètò tí ń tú ìgékúrú fúnra rẹ̀: bí a bá ti sọ fún un pé MS jẹ́ multiple sclerosis, yóò tú u bẹ́ẹ̀ nínú fáìlì ẹni tí àrùn ọkàn ń ṣe. Irú àṣìṣe yìí ṣòro láti rí ju ti ọwọ́ lọ, nítorí pé kò sí ohun tí ó rí wúruwùru nínú rẹ̀. Ẹni tí ó mọ aláìsàn tí a ń sọ, tí ó sì mọ ohun tí gbólóhùn náà ń fẹ́ sọ, nìkan ni ó lè rí i kí àkọsílẹ̀ tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò fún aláìsàn ní òògùn.